Ọwọ́ Tó Wà Lára Ògiri

"Màmá, ẹ gbé fóònù yín wá jàre, kí n bá yín tẹ̀ ẹ́ kíákíá."

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Yárayára ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti dáhùn ìbéèrè ìdánwò orí fóònù tirẹ̀ tán, ó sì ti nawọ́ sí ti Màmá Rólà tó jókòó tì í. Màmá ò tilẹ̀ jiyàn. Ó gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń ké fún ìyá rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ojú yìí ni ò ríran mọ́."

"Mo mọ̀, Màmá."

Irọ́ funfun báláú ni, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀. Ojú Màmá Rólà ríran débi pé ó lè rí àbàwọ́n tíńtín lára aṣọ ibùsùn láti òdì kejì gbọ̀ngàn. Ìwé ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n èwo ni ti kí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé máa tú àṣírí àgbà lójú èrò?

Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀kọ́, ó ń wò wọ́n. Iṣẹ́ obìnrin náà nílé-iṣẹ́ yìí ni kó máa ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, tọmọdé tàgbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Tíṣà. Ibi tó bá yíjú sí nínú yàrá náà, ohun kan náà ló ń rí. Àwọn ọ̀dọ́ mú fóònù méjì méjì dání, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ ràì. Àwọn àgbà káwọ́ sórí itan, wọ́n ń wo òkè àjà bí ẹni tí wọ́n ń bá gẹrun. Bàbá kan tó máa ń kó aṣọ tilẹ̀ ti sùn lọ fọnfọn. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ-ọmọ rẹ̀ í bí, bàbá wá ń gba máàkì lójú oorun.

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́! Kí kálukú dá tirẹ̀ ṣe. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ tuntun ni o, kì í ṣe eré."

Yárayára gbójú sókè. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ṣé kí n wá káwọ́ gbera, kí Màmá máa làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ mi o!"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, nígbà tí kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe irú ẹ̀kọ́ tó ṣètò nìyí.

Ilé-ìfọṣọ ńlá ni ilé-iṣẹ́ náà. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì ni ọkọ̀ ń já síbẹ̀ láràárọ̀, tàbàwọ́n tòórùn. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi ara rẹ̀ dànù, wọ́n á wá gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ. Irin róbótó méjì ni ẹ̀rọ yìí, ó gùn ju ibùsùn lọ, ó gbóná janjan, ọ̀kan sùn lé ọ̀kan, wọ́n ń yí. Rólà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi etí aṣọ há a lẹ́nu níhìn-ín, á gbé e mì, á sì pọ̀ ọ́ jáde lódì kejì ní nínà gbọọrọ, láìsí ìhunjọ kankan. Màmá Rólà ló ti ń fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Ibẹ̀ ló ti rí orúkọ rẹ̀.

Tí nǹkan bá há sẹ́nu ẹ̀rọ àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró. Pẹ́dà kan wà nílẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ á dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tí ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà ní pẹ́dà níbi kan náà gan-an. Àmọ́ ẹni bá tẹ èyí, eré ló fi kún eré ẹ̀rọ. Ọ̀pá pupa kan tó wà ní déédéé àyà ni wọ́n ń tì kó tó dúró. Èèyàn wo ló jókòó tó ro irú nǹkan báyìí jọ? Ẹni tí kò ní í dúró nídìí rẹ̀ ni.

Nígbà tí Tíṣà ka ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, ẹsẹ̀ àwọn àgbà ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá. Ó rí i pé ẹ̀kọ́ tí ọmọdé nílò kọ́ ni àgbà nílò. Ọ̀dọ́ tí kò lo ẹ̀rọ àtijọ́ rí, nǹkan tuntun lásán ni yóò kọ́. Àgbà ní láti kọ́kọ́ gbàgbé, ìgbàgbé sì le ju ìkọ́ lọ. Etí lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó gbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà ó ṣètò pé kí àgbà kọ̀ọ̀kan dúró nídìí ẹ̀rọ nígbà tó bá tutù, kí ọ̀dọ́ kan dúró tì í, kí ọ̀dọ́ náà máa pariwo "Dúró!" lójijì, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, títí ọwọ́ àgbà á fi máa lọ sórí ọ̀pá pupa kí ẹsẹ̀ tó rántí ara rẹ̀. Tí ìyẹn bá parí, àgbà á wá kọ́ ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìró mọ ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́. Kò sí ìdánwò nínú rẹ̀, kò sí ìwé kíkà. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń yà á sórí ìwé. Ó tilẹ̀ rò pé wọ́n á yìn ín.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé eyín rẹ̀ kì í wọlé, wo ìwé náà fìrí.

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko? Kí ẹ̀rọ olówó iyebíye tutù, kí wọ́n máa bá a ṣeré? Tíṣà, ṣé yunifásítì la dá sílẹ̀ ni?"

"Ọ̀gá, nítorí àwọn àgbà ni. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ́—"

"Ọkọ àbúrò mi ní ẹ̀kọ́ kan tó wà lórí fóònù. Wọ́n á wo fíìmù, wọ́n á dáhùn ìbéèrè, ó parí. Tọmọdé tàgbà, ẹ̀kọ́ kan náà. A ti sanwó ẹ̀ pàápàá." Ó rẹ́rìn-ín. "O ò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè? Wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́."

Ó tún òwe náà pa lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ, níwájú àwọn tó wá ya fọ́tò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí ìdánwò orí fóònù parí, ọ́fíìsì Ẹlẹ́rìn-ín ni Tíṣà gbà lọ tààrà. Ọ̀gá ń jẹun lọ́wọ́. Ìwé kan wà lábẹ́ àwo rẹ̀ tó fi ń gba òróró, Tíṣà sì dá ìwé náà mọ̀. Ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Òróró ti mu ibi tó ya ọ̀pá pupa sí.

"Ọ̀gá, àwọn ọ̀dọ́ ló bá àwọn àgbà ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn ò tilẹ̀ wo fíìmù náà. Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn tó ń lo rólà nìkan, kí n—"

Ẹlẹ́rìn-ín lá ìka rẹ̀, ó yí kọ̀ǹpútà sí i. "Àwọ̀ wo lo rí níbí?"

"Àwọ̀ ewé, sà."

"Pupa wà ńbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ó tán! Gbogbo wọn ló yege." Ó bu òkèlè mìíràn. "Ojú ìyá rẹ ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó ẹ̀, àbí? Ọlọ́run á wò wọ́n sàn."

"Àmín, sà."

Wọ́n ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Tíṣà ò tíì jẹ tirẹ̀ tán tí ojú fi ń tì í. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí rólà, ó bá Màmá níbẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́ o. Ẹ má fi ẹsẹ̀ dá eléyìí dúró. Ọ̀pá pupa yìí ni. Ẹ tì í kí n rí i."

Màmá tì í. Ẹ̀rọ dúró. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ tí ò ń sáré kiri nítorí wa báyìí, Ọlọ́run á bá ọ dá ìyá rẹ sí. Ọmọ-ọmọ mi tó wà níléèwé, irú ẹ ni mo fẹ́ kó dà. Iṣẹ́ ìwé. Kó máa jókòó sórí àga."

Tíṣà ní àmín. Ó mọ̀ pé etí Màmá ló gbọ́, ẹsẹ̀ ò gbọ́. Ó mọ̀, ó sì padà sórí àga rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, aṣọ ilé ìwòsàn pọ̀, ọkọ̀ tó fẹ́ kó o sì ti dé, dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè. Aṣọ kan ká kò lẹ́nu ẹ̀rọ. Màmá Rólà na ọwọ́ ọ̀tún kó tú u, bó ti ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ bá pẹ́dà kó lè dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rọ ò dúró. Ó sáré sí i. Ẹ̀rù ba Màmá, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, bó sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni irin ń fà á wọlé. Yárayára ló fò láti òdì kejì, tó fi àyà gbá ọ̀pá pupa.

Òórùn tó gba gbọ̀ngàn náà kan, ká fi í sílẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ ò lè lọ aṣọ nínú ilé ara wọn fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n gbé Màmá jókòó sórí òkìtì aṣọ. Ó ń gbọ̀n, kò ké mọ́. Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀ kalẹ̀ wá, ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni:

"Aṣọ ta nìyẹn? Ti ilé ìwòsàn? Ṣé ó ti bàjẹ́?"

Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ya fọ́tò ọwọ́ náà. Ó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, pé òjìji wọn ń bo ìmọ́lẹ̀.

Àwọn dókítà gé e láti ọrùn ọwọ́. Nígbà tí Màmá kúrò lórí ibùsùn, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó, lọ́yà ilé-iṣẹ́ jókòó, Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Yárayára ni wọ́n ní kó dúró.

"Màmá, ẹ kú ìnira o," ni lọ́yà wí. "A ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ yege ìdánwò ẹ̀rọ yìí. Ta ló dáhùn àwọn ìbéèrè náà?"

Màmá wo ọmọbìnrin náà.

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, a jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn ṣorí kunkun ni. Ilé-iṣẹ́ ò jẹ yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n aláàánú lọ̀gá, wọ́n á wá iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fún yín. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló bá yín ṣe é, ẹ̀tàn nìyẹn, òun ló ṣe yín léṣe. Ẹni náà á lọ ilé, á sì gba àgọ́ ọlọ́pàá kọjá."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe là á! Ọ̀nà méjì, kò sì sí èyí tó gba ẹnu ọ̀nà ọ̀gá kọjá nínú méjèèjì.

Yárayára kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni mo—"

"Panu ẹ dé!" Màmá Rólà ló jágbe mọ́ ọn, ohùn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ní. "Àgbà ń sọ̀rọ̀, o ń dá sí i? Ta ló bi ọ́? Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́."

"Ọwọ́ wo ni, Màmá?" ni Ẹlẹ́rìn-ín bèèrè, ó sì wo lọ́yà bóyá á bá òun rẹ́rìn-ín. Lọ́yà bá a rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó ti lọ," ni Màmá dáhùn.

"Tíṣà, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ọ̀nà kẹta wà nínú yàrá náà, orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló sì jókòó sí. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ò tilẹ̀ pọ̀: mo ṣètò ẹ̀kọ́ tí ì bá dá ọwọ́ yìí sí, ọ̀gá fi gba òróró. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ nílé, tí wọ́n ti la ojú rẹ̀ kan, tó ku èkejì. Màmá Rólà náà ń wò ó, ó rọra ń mi orí sí i, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Tíṣà wí.

Lọ́yà tẹ́ ìwé tí Màmá máa tẹ̀ka sí, ó ṣí páàdì tàdáwà. Màmá na ọwọ́ ọ̀tún, kùkùté tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ó wò ó, ó fà á padà, ó wá na òsì. Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló mú àtàǹpàkò náà, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Nígbà tó parí, ó nu àwọn ìka tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá Tíṣà gbé ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú ojú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. "Ọmọ mi, wò ó, mo ń rí gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi! Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín." Tíṣà dìde, ó ní òun fẹ́ wẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín fi tún pè é.

"Òṣìṣẹ́ tuntun ń bọ̀, tọmọdé tàgbà. Mo fẹ́ ẹ̀kọ́ tó máa wọ̀ wọ́n lára. O ṣáà ní kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kàwé? Ó dáa, àwòrán ni ká lò." Ó gbé fóònù rẹ̀ sí i lójú. "Ṣe é gàdàgbà, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ẹ̀kọ́. Kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: ỌWỌ́ ẸNI TÓ KỌTÍ IKÚN SÍ Ẹ̀KỌ́ NÌYÍ."

Tíṣà gba fóònù náà. Ó ṣe é. Ó tilẹ̀ ṣe é dáadáa, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. Ó yan lẹ́tà ńlá tó ṣe é kà láti ẹ̀yìn yàrá, nítorí àwọn àgbà tójú wọn ò dá mọ́.

Láàárọ̀ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun kún yàrá. Yárayára, tó ti wà nídìí rólà báyìí nípò Màmá, ni wọ́n ní kó wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n. Ẹlẹ́rìn-ín fara ti férémù ilẹ̀kùn. Gbogbo ojú wà lára ògiri. Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu. Màmá Rólà náà wà níbẹ̀, nítorí gbígbá yàrá ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rí fún un. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbálẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé iwájú àwòrán náà. Ó dúró.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun yíjú sí i.

"Tíṣà, ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀?"

Ọmọbìnrin kan lára àwọn tuntun ti la ẹnu láti kà á. Yárayára di apá rẹ̀ mú. Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín sí i, ó ń dúró kó ṣe tíṣà tó jẹ́.

"Wọ́n ní..." Ó yíjú sí Màmá. "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ò ní gbàgbé yín láé."

Ojú Màmá Rólà là. Ó fi ìgbálẹ̀ sábíyá, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Mo rò pé ẹ̀ ń bínú sí mi ni. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín ká."

"Kò tọ́pẹ́, Màmá," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ẹ dìde."

Yárayára ò wo ọ̀gá, kò wo Màmá. Tíṣà nìkan ló ń wò, kò sì ṣẹ́jú. Màmá fi ìgbálẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀.

"Ọmọ-ọmọ mi ni mo máa mú wá lọ́la, Tíṣà, kó wá fojú ara ẹ̀ rí i. O ò ní í ṣe wàhálà láti kà á fún un. Òun ti mọ̀wé kà."